Fọlárìn Balógun: Báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe di atamátàsé Amẹ́ríkà?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ikọ̀ Amẹ́ríkà ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ, ṣàdédé fò dìde lórí ẹní. Ó na ìka sí ẹ̀yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù kan. "Àǹtí, ẹ wò ó, Balógun! Ọmọ wa ni! Ṣé wọ́n rà á lọ́wọ́ wa ni?" Kí n tó lanu, bàbá rẹ̀ ti dá a lóhùn láti orí àga: "Owó ni. Ó ti ta ilé bàbá ẹ̀."

Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, kò sì dára ká máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ti rí i kà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lóríṣiríṣi, ó sì máa ń dùn mí. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo pè. A máa ń sọ pé agbábọ́ọ̀lù "ń gbá fún" kílọ́ọ̀bù tó ni ín, a tún máa ń sọ pé ó "ń gbá fún" kílọ́ọ̀bù tó yá a lò, a sì tún máa ń sọ pé ó "ń gbá fún" orílẹ̀-èdè. Òfin tó de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, owó tó wà nídìí wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ Balógun.

Fọlárìn Balógun: ẹni tó ń fi ọlá rìn, olórí àwọn ológun. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà máa ń pe orúkọ náà láìsí àmì ohùn kankan, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í ṣì í gbọ́. New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2001. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sì ju bí ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ tí Arsenal fi mú un sọ́dọ̀ láti máa kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yan Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, kò tíì gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kankan rí.

Báwo ló wá ṣe jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà? Ilẹ̀ ló sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀. Láti ọdún 1868 ni Àtúnṣe Kẹrìnlá sí òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ wọn, ọmọ wọn ni. Wọn kì í béèrè bóyá ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá rẹ̀ fẹ́ lò níbẹ̀ tàbí ogún ọdún. Tiwa ní Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ la máa ń wò: abala 25 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ibi yòówù kí wọ́n bí ọmọ sí lókè òkun, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà láti ọjọ́ ìbí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kẹta, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà tó sì ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ọmọ yìí ti ní ilé mẹ́ta. Kò yọ́ kẹ́lẹ́ wọ èyíkéyìí nínú wọn.

Èyí kì í ṣe ohun àrà. Yunus Musah tó ń gbá fún Amẹ́ríkà náà, New York ni wọ́n bí i sí, ọmọ Gánà làwọn òbí rẹ̀, Ítálì ló ti ṣe kékeré, ó sì tún lọ sọ́dọ̀ Arsenal ní Lọ́ńdọ̀nù. Tim Weah, ọmọ George Weah tó ṣe ààrẹ Làìbéríà, New York kan náà ni wọ́n bí i sí. Ọmọ àwọn tó ti rìnrìn àjò ló pọ̀ nínú ikọ̀ yẹn.

Ibi tó ṣòroó yé èèyàn rèé. FIFA kì í béèrè ibi tí ọkàn ẹ wà. Ìwé ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń wo irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí o ti gbá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kì í de ẹnikẹ́ni mọ́ orílẹ̀-èdè. O lè gbá mẹ́wàá, kí o sì kó ẹrù ẹ lọ síbòmíràn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá wà nínú ìdíje tí àjọ bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ló máa ń de èèyàn, ìbáà ṣe ti àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí o bá ti gbá irú rẹ̀, okùn ti dé ọ lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Balógun sì ti gbá a fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wọ aṣọ wọn láti ìpele àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 títí dé ti àwọn tí kò tíì pé 21. Nínú ti àwọn ọmọ 21 yìí, ìgbà 13 ló gbá, ó jẹ góòlù 7, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti yege fún ìdíje Yúróòpù sì wà nínú rẹ̀. Láàárín kan, ní 2018, ó tún lọ bá àwọn ọmọ 18 ti Amẹ́ríkà gbá ìdíje kan ní ilẹ̀ Czech, ó sì jẹ góòlù fún wọn. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ní 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kò mọ ìtàn náà. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn.

Okùn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe tú u? Láyé ọjọ́un, kò bá ti ṣeé tú. Ní ọdún 2004, FIFA ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn tó gbá fún ikọ̀ ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan láti yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 21. Ní 2009 wọ́n yọ ti ọjọ́ orí kúrò. Ní 2020 wọ́n tún fẹ ọ̀nà náà sí i, débi pé ẹni tó ti gbá fún ikọ̀ àgbà pàápàá lè yí padà, bí kò bá ti ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje mẹ́ta lọ, kó tó pé ọdún 21, tí ọdún mẹ́ta sì ti kọjá láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ti gbá Ife Àgbáyé gan-an tàbí ife kọ́ńtínẹ́ǹtì fún ikọ̀ àgbà, tirẹ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ní ọjọ́ tí agbábọ́ọ̀lù kọ́kọ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje fún orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ *ti* jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì tẹ́lẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù tó bá lọ gbà lẹ́yìn náà kì í sábàá ràn án lọ́wọ́. Bí olówó kan bá lọ fi ìwé ọmọ onílẹ̀ lọ agbábọ́ọ̀lù tó ti gbá ìdíje fún orílẹ̀-èdè míì, FIFA kò ní tìtorí ìwé yẹn nìkan gbà á wọlé, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Ọjọ́ tí wọ́n bí Balógun ló ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí ìwé rẹ̀ fi kọjá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2023 ni ìròyìn jáde pé FIFA ti fọwọ́ sí i.

Kò sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bọ́ sọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orílẹ̀-èdè kì í ra agbábọ́ọ̀lù. Ajẹmọ́nú wà o, èrè wà bí wọ́n bá borí, Amẹ́ríkà pàápàá ti bá ikọ̀ ọkùnrin àti ti obìnrin ṣe àdéhùn ní 2022 pé iye kan náà ni wọn yóò máa san fún wọn. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí agbábọ́ọ̀lù fi ń kọ́lé, ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù ló ti ń wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Amẹ́ríkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Òun nìkan ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjà ṣe rí lóṣù Kẹta 2023. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Kane ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni tó jẹ góòlù jù lọ nínú ìtàn ikọ̀ wọn ni, òun sì ni balógun ikọ̀ náà lóòótọ́. Nàìjíríà ní Victor Osimhen, tó ń gbé Napoli lọ síbi ife Ítálì lọ́dún náà, tó sì parí sáà náà pẹ̀lú góòlù 26 nínú líìgì. Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n ti Ife Àgbáyé ní Qatar dé, níbi tí wọ́n ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n sì jẹ góòlù mẹ́ta péré. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó lè sáré, wọ́n ní àwọn tó lè pín bọ́ọ̀lù, wọn ò ní ẹni tí yóò fi í sílé. Lóṣù kan náà, Balógun yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ikọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìfarapa, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i ní Orlando, ìlú tí ikọ̀ Amẹ́ríkà wà nígbà náà. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tó mọ ilẹ̀ tí òjò fẹ́ rọ̀ sí kò jalè.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2023, ó kọ́kọ́ gbá fún Amẹ́ríkà, ní Las Vegas, nínú ìdíje Nations League ti CONCACAF, àjọ bọ́ọ̀lù Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n sì na Mẹ́síkò ní 3-0. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni àṣekágbá pẹ̀lú Kánádà. Mo rántí góòlù náà bí ẹni pé àná ni. Ìṣẹ́jú 34 ni. Gio Reyna gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó gbórí sókè. Balógun ò dúró de kí wọ́n pè é. Ó ti rí àlàfo tó wà láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn Kánádà, ó kó sínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù bá a níbẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan tọ́ ọ sọ́nà, ó fi èkejì gbá a sílé. 2-0 ni wọ́n fi gba ife náà. Ìdíje gidi ni, ikọ̀ àgbà ni, ó sì ti lo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí òfin fún un láti yí padà tán. Láti ọjọ́ yẹn, kò lè gbá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, kò lè gbá fún Nàìjíríà mọ́.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan fún àwọn tó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ademola Lookman, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ó sì gba Ife Àgbáyé àwọn ọmọ 20 pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017. Ní 2022, òfin kan náà yìí ló fi wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó jẹ góòlù mẹ́ta fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin ní 2024, tó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà, a jó, a yọ̀. Èmi náà jó. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lára wa ní ó ta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn tí Lookman gbà wọlé ni Balógun gbà jáde.

Ó ku ti kílọ́ọ̀bù, níbi tí owó wà lóòótọ́.

Balógun kọ́kọ́ gbá fún ikọ̀ àgbà Arsenal ní oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n ń bá Dundalk gbá. Lóṣù tó tẹ̀lé e ló jẹ góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ sílé Molde. Ó gbá Premier League fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 2021, Brentford sì nà wọ́n ní 2-0. Lẹ́yìn ìyẹn, orí bẹ́ńṣì ló pọ̀ jù. Ẹni ogún ọdún kì í mọ bọ́ọ̀lù í gbá sí i lórí bẹ́ńṣì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yá a fún Middlesbrough lóṣù Kìíní 2022, tí wọ́n tún yá a fún Reims nílẹ̀ Faransé lóṣù Kẹjọ ọdún náà.

Àwọn kan rò pé àyálò túmọ̀ sí pé wọ́n ti tà á. Ẹ rántí ọkọ́ tí aládùúgbò yá lọ́wọ́ yín ní ìgbà iṣẹ́ oko. Ó lè fi kọ ebè ẹgbẹ̀rún, ọkọ́ yín ṣì ni. Arsenal ló ni ìwé àdéhùn Balógun ní gbogbo ìgbà tó wà ní Reims. Ta ló ń san owó oṣù? Ohun tí kílọ́ọ̀bù méjèèjì bá jọ fẹnu kò sí ni: ẹni tó yá a lè san gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lè pín in. Nígbà míì, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, o lè rà á ní iye báyìí. Bí wọn ò bá kọ ọ́, bó ti wù kí ó ṣe dáadáa tó, ọjọ́ pé, ilé yá. Láti 2022 sì ni FIFA ti sọ pé àdéhùn àyálò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ, ẹni tó yá a kò sì gbọdọ̀ tún un yá fún ẹlòmíràn.

Ní Reims ni ọkọ́ yìí ti mú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Will Still, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, kò sì tíì ní ìwé ẹ̀rí tó ga jù, débi pé kílọ́ọ̀bù ń san ìtanràn 25,000 yúrò lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè máa jókòó síbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, wọ́n lọ bá PSG nílé. Neymar ti jẹ ọ̀kan, PSG ti pàdánù ẹnìkan sí káàdì pupa, àkókò ti parí, àfikún ìṣẹ́jú ló kù. Ní ìṣẹ́jú kẹfà àfikún náà, Balógun yọ sí Donnarumma, aṣọ́lé gíga bí ọ̀pẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 21 ni ì bá gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ ọn láyà nítorí ìkánjú. Balógun yí i po, ó rìn yí i ká bí ẹni tó ń yí igi nínú àgbàlá, ó fi bọ́ọ̀lù sílé tó ṣófo. 1-1. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó jẹ mẹ́ta sílé Lorient. Nígbà tí sáà parí, góòlù 21 ló wà lórúkọ rẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 37.

Kí ló wá dé tí Arsenal fi ta ẹni tó jẹ góòlù 21? Ìbéèrè yìí ló ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìṣirò. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá rà, iye tí wọ́n rà á wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tí wọ́n ń dín iye rẹ̀ kù lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá tà á, wọ́n ní láti yọ èyí tó ṣẹ́kù kí wọ́n tó mọ èrè. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ láti ọdún mẹ́jọ kò ní iye kankan nínú ìwé náà. Gbogbo owó tó bá mú wọlé ni wọ́n á kọ sílẹ̀ bí èrè. Nínú ìdíje tí òfin ti ń ṣọ́ iye tí kílọ́ọ̀bù lè pàdánù, irú èrè bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn lọ́wọ́ gan-an. N kò ní fi bò pé ó máa ń bà mí nínú jẹ́, pé ọmọ ilé ló yá tà jù.

Ní òpin oṣù Kẹjọ 2023, Monaco rà á, ó sì fọwọ́ sí ìwé ọdún márùn-ún. Nǹkan bí 40 mílíọ̀nù yúrò ni ìròyìn gbé jáde. Owó yìí kò lọ sápò Balógun, Arsenal ló gbà á. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀, FIFA máa ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láti pín fún àwọn kílọ́ọ̀bù tí agbábọ́ọ̀lù ti gbá fún láàárín ọdún 12 sí 23, títí kan àwọn tó yá a lò. Nítorí náà, Middlesbrough tí kò ju oṣù díẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀ ní tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Monaco ò rọrùn fún un. Kò tíì pé oṣù kan tó débẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní pẹnárítì méjì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà pẹ̀lú Nice, aṣọ́lé mú méjèèjì, wọ́n sì fi 1-0 lu Monaco. Lẹ́yìn náà, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó sì di kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní òpin 2024. Nínú Copa América ọdún náà, ó jẹ góòlù sílé Bolivia, ó jẹ sílé Panama, síbẹ̀ Amẹ́ríkà ò jáde nínú ìsọ̀rí wọn. Lẹ́yìn ti Panama, àwọn kan lọ bu òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àwọ̀ dúdú wọn. Èyí ni mo fi dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ tí àwọn kan ń bú lọ́hùn-ún pé ó dúdú jù, ẹ jẹ́ ká má ṣe bú u nílé pé kì í ṣe tiwa mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, àbúrò. Ṣùgbọ́n kó máa jẹ góòlù sílé àwọn ẹlòmíràn o, kó má jẹ ẹ́ sílé wa."

Ọmọ ọdún 13 ò tíì tán pẹ̀lú mi ní tirẹ̀. "Àǹtí, tó bá wá bímọ sí Monaco ńkọ́? Ṣé Monaco lọmọ yẹn máa gbá fún?"

Mo ní Monaco kò sí nínú FIFA, líìgì Faransé ni kílọ́ọ̀bù wọn ń gbá, wọn ò sì ní ikọ̀ orílẹ̀-èdè tó lè lọ sí Ife Àgbáyé. Ó ronú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀. "Ó ku Amẹ́ríkà. Ó ku àwa."